Jacques Plante àti ìbòjú aṣọ́lé

Ní agbègbè Québec ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí èdè Faransé ti jẹ́ èdè ilé àti èdè ọjà, òtútù a máa mú lọ́dọọdún tó bẹ́ẹ̀ tí omi odò fi ń di líle. Ènìyàn a máa rìn lórí rẹ̀ láìrì. Bí àwọn ọmọ ilẹ̀ olóoru ti ń gbá bọ́ọ̀lù lórí iyanrìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ń gbá họ́kì lórí yìnyín.

Ẹgbẹ́ méjì ni ó ń kojú ara wọn nínú eré náà. Ènìyàn mẹ́fà ni ó ń wà lórí yìnyín fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan: márùn-ún ń sáré, ẹnì kan ń ṣọ́ àwọ̀n. Bàtà tí ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀. Irin náà ń yọ̀ lórí yìnyín, ó sì ń gbé wọn sáré ju ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ sáré lọ. Ohun tí wọ́n ń gbá jẹ́ rọ́bà dúdú kan, tí ó rí róbótó, tí ó sì pẹlẹbẹ. Ìwọ̀n rẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 170, òtútù sì ń mú kí ó le bí òkúta. Ọ̀pá gígùn tí ó tẹ̀ ní ìdí ni wọ́n fi ń gbá a. Bí alágbára bá gbá a, ó lè fò ju kìlómítà 100 lọ ní wákàtí kan.

Iṣẹ́ aṣọ́lé ni láti dá rọ́bà yìí dúró kí ó má baà wọ inú àwọ̀n. Ọwọ́, ẹsẹ̀, àyà àti ọ̀pá ni ó fi ń dá a dúró. Nígbà mìíràn, ojú ni rọ́bà ń bà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbogbo ènìyàn gbà pé bẹ́ẹ̀ ni eré náà rí. Bí aṣọ́lé bá fara gbọgbẹ́ lójú, wọn a rán an, a sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Jacques Plante ni ọkùnrin tí ó yí àṣà yìí padà.

Àkọ́bí nínú ọmọ mọ́kànlá

A bí Jacques Plante ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1929, ní abúlé Notre-Dame-du-Mont-Carmel. Ìlú Shawinigan, tí kò jìnnà síbẹ̀, ni ó ti dàgbà. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mọ́kànlá. Bàbá rẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹnu tí yóò jẹun nílé sì pọ̀. Wọn kò ní rédíò. Nígbà tí ẹgbẹ́ ńlá Canadiens ti ìlú Montréal bá ń ṣeré, ọmọ náà a tẹ́tí sí rédíò aládùúgbò tí ó ń gbé lókè yàrá wọn, a sì máa gbọ́ ìròyìn eré náà láti inú àjà.

Nítorí pé òun ni àgbà, ó ń ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ láti tọ́jú àwọn àbúrò rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ bí a ti ń se oúnjẹ àti bí a ti ń fi òwú hun aṣọ òtútù. Kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́ òwú yìí. Títí ó fi di olókìkí, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun fìlà àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ó ń wọ̀.

Ara rẹ̀ kò le tó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní àìsàn kan tí kì í jẹ́ kí ó mí délẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní asthme. Bí ó bá sáré pẹ́ lórí yìnyín, èémí a máa wọ́n ọn. Nítorí náà ni ó ṣe yan iṣẹ́ aṣọ́lé, tí ẹni tí ń ṣe é kì í sáré púpọ̀. Nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún, ó já bọ́ láti orí àkàsọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kán. Egungun náà kò jinná dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ṣeré pẹ̀lú ọwọ́ náà kí àwọn oníṣègùn tó tún un ṣe.

Kò sí owó láti ra ohun èlò. Bàbá rẹ̀ fi gbòǹgbò igi gbẹ́ ọ̀pá àkọ́kọ́ fún un. Àpò ọ̀dùnkún tí wọ́n fi pákó há nínú ni ó dè mọ́ ẹsẹ̀ kí rọ́bà má baà ṣe é léṣe. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún méjìlá, olùkọ́ ẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bínú lé aṣọ́lé ẹgbẹ́ náà kúrò lórí yìnyín. Plante dìde, ó ní òun yóò dúró síbẹ̀. Àwọn tí ó wà nínú ẹgbẹ́ náà dàgbà jù ú lọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á. Láti ọjọ́ náà ni kò ti kúrò lẹ́nu àwọ̀n.

Kò pẹ́ tí ó fi ń ṣeré fún ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ kan. Bàbá rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé kí ó béèrè owó. Olùkọ́ ẹgbẹ́ gbà láti fún un ní sẹ́ǹtì 50 fún eré kọ̀ọ̀kan, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ fún àwọn yòókù.

Aṣọ́lé tí ó ń jáde kúrò ní ibùsọ̀ rẹ̀

Ní ọdún 1947, Plante lọ sí ìlú Québec láti ṣeré fún ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Citadelles. Àwọn tí ó yẹ kí wọ́n máa dáàbò bo aṣọ́lé nínú ẹgbẹ́ náà kò lágbára. Rọ́bà a máa dúró lẹ́yìn àwọ̀n, kò sì sí ẹni tí yóò tètè gbé e. Plante wò ó, ó rí i pé bí òun bá dúró máa wòran, ọ̀tá ni yóò kọ́kọ́ dé ìdí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ gbé rọ́bà náà fúnra rẹ̀, a sì fi ọ̀pá gbá a fún ará ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn bínú sí i. Lójú wọn, aṣọ́lé tí ó fi ẹnu àwọ̀n sílẹ̀ dà bí olùṣọ́ tí ó ṣí ìlẹ̀kùn fún olè. Ṣùgbọ́n Plante ti ṣírò rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun jáde àti ìgbà tí ó yẹ kí òun padà. Lónìí, kò sí aṣọ́lé họ́kì kan tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1952, ó kọ́kọ́ wọ aṣọ ẹgbẹ́ Canadiens ti Montréal. Ẹgbẹ́ náà ní aṣọ́lé tirẹ̀ tí ń jẹ́ Gerry McNeil, nítorí náà wọn kì í sábà pe Plante. Ṣùgbọ́n ìdíje àṣekágbá ọdún 1953 gbé e jáde.

Ó yẹ kí á mọ bí ìdíje àṣekágbá yìí ti rí. Ẹgbẹ́ mẹ́fà péré ni ó wà nínú líìgì ńlá náà ní ìgbà yẹn. Ìgbà 70 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣeré láàárín ọdún. Lẹ́yìn èyí, àwọn mẹ́rin tí ó ṣe dáadáa jù lọ a wọ ìdíje àṣekágbá. Ẹgbẹ́ méjì a kojú ara wọn títí ọ̀kan yóò fi borí nígbà mẹ́rin. Ẹni tí a bá borí lọ sílé rẹ̀ nìyẹn. Àwọn méjì tí ó bá kù ni yóò jà fún ife tí a ń pè ní Ife Stanley. Ẹni tí ó bá ṣe dáadáa ní gbogbo ọdún, tí ó wá kùnà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan yìí, òfo ni ó ṣe.

Ní ọdún 1953, ẹgbẹ́ Chicago ti borí Montréal nígbà mẹ́ta. Bí wọ́n bá tún borí lẹ́ẹ̀kan sí i, ó parí fún Montréal. Ní eré kẹfà, olùkọ́ ẹgbẹ́ náà, Dick Irvin, gbé McNeil kúrò, ó sì fi Plante sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún mẹ́rìnlélógún náà kò jẹ́ kí rọ́bà kan wọlé. Montréal jẹ 3, Chicago kò jẹ nǹkan kan. Wọ́n borí nínú eré keje pẹ̀lú, wọ́n sì gba Ife Stanley ní ọdún náà.

Ìwé àkọsílẹ̀ Plante

Ohun tí Plante fi yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń fi ọpọlọ múra sílẹ̀. Ó ń kọ ohun tí ó bá rí sínú ìwé. Ó ń kọ nípa àwọn eléré tí ó ń dojú kọ ọ́ àti nípa ẹgbẹ́ wọn. Kò fi ohun kankan sílẹ̀ fún ìrántí nìkan, nítorí ó mọ̀ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ tètè ń sọnù. Nígbà tí ìdíje àṣekágbá bá dé, tí àwọn ẹlòmíràn ń gbàdúrà oríire, òun ti mọ púpọ̀ nípa ohun tí ó ń bọ̀. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.

Ó ń bá àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹnu àwọ̀n. Ó ń kígbe fún wọn láti sọ ibi tí ọ̀tá wà lẹ́yìn wọn. Ó ń na ọwọ́ sókè láti fi ṣe àmì fún wọn. Ojú rẹ̀ mú pẹ̀lú. Ní àkókò kan, ó tẹnu mọ́ ọn pé àwọn àwọ̀n tí ó wà ní àwọn pápá kan kò ga bákan náà pẹ̀lú ti Montréal. Àwọn ènìyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n wọ̀n wọ́n, ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òtítọ́.

Gbogbo ènìyàn kọ́ ni ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó jẹ́ ẹni tí ń dá wà. Bí ẹgbẹ́ bá lọ sí ìlú Toronto, ilé ìtura mìíràn ni ó ń sùn, nítorí pé ibi tí àwọn yòókù ń sùn ń dí i ní èémí. Àwọn kan pè é ní agbéraga. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1956 títí dé ọdún 1960, òun ni aṣọ́lé tí àwọ̀n rẹ̀ gba gòólù tí ó kéré jù lọ nínú líìgì náà, ọdọọdún sì ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn tí a fi sọrí Georges Vézina, aṣọ́lé Montréal ti ìgbà àtijọ́.

Ojú tí kò sinmi ọgbẹ́

Ní gbogbo àkókò yìí, ojú Plante ń jìyà. Rọ́bà fọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó fọ́ imú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kún fún àpá rírán. Láàárín ọdún 1950 sí 1959, àìsàn inú imú mú kí ó pàdánù eré 13. Lẹ́yìn èyí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbòjú bo ojú rẹ̀ nígbà ìdánrawò. Ṣùgbọ́n bí eré gidi bá dé, ó gbọ́dọ̀ bọ́ ọ sílẹ̀.

Òun kọ́ ni aṣọ́lé àkọ́kọ́ tí ó ronú kan ìbòjú. Ní ọdún 1930, Clint Benedict ti ẹgbẹ́ Maroons ní Montréal fi ìbòjú aláwọ ṣeré fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ó ríran dáadáa. Ó bọ́ ọ, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Nínú ìdíje àṣekágbá ọdún 1958, rọ́bà bá Plante ní iwájú orí. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Bill Burchmore wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ tí ń fi òwú gíláàsì ṣe nǹkan ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Àwọn Faransé ń pe òwú yìí ní fibre de verre. Bí a bá fi oje kan pò ó, tí ó sì gbẹ, a máa le, síbẹ̀ kì í wúwo. Burchmore ronú pé a lè fi ṣe ìbòjú tí yóò lẹ̀ mọ́ ojú ènìyàn bí awọ ara. Wọ́n fi pílásítà tútù mú àwòrán ojú Plante, wọ́n sì ṣe ìbòjú lórí àwòrán náà.

Olùkọ́ ẹgbẹ́ Canadiens ní ìgbà náà ni Toe Blake. Òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ eléré ńlá rí. Kò fẹ́ ìbòjú náà nínú eré. Ó bẹ̀rù pé aṣọ́lé kò ní rí rọ́bà tí ó bá wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó sì rò pé ẹni tí ojú rẹ̀ bò kò ní ṣọ́ra mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ojo ni ń bo ojú. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo fún ọkùnrin tí ń fi eré jẹun.

Alẹ́ ọjọ́ kan ní New York

Ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1959, ọdún méje gééré lẹ́yìn tí ó kọ́kọ́ ṣeré fún Canadiens, Plante wà lẹ́nu àwọ̀n ní ìlú New York. Eré náà kò tíì pẹ́ rárá nígbà tí Andy Bathgate ti ẹgbẹ́ New York gbá rọ́bà. Ó bá Plante lójú. Ẹ̀jẹ̀ bò ó. Wọ́n mú un wọ inú ilé lọ, oníṣègùn sì rán ojú rẹ̀.

Ní ìgbà yẹn, aṣọ́lé kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ ń mú rìnrìn àjò. Bí ó bá fara pa, gbogbo ènìyàn ń dúró dè é. Blake wá pe Plante kí ó padà. Plante dáhùn pé òun yóò padà, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìbòjú. Láìsí ìbòjú, òun kò lọ. Blake bínú, ṣùgbọ́n kò ní ẹlòmíràn tí yóò fi sí ẹnu àwọ̀n. Ó gbà.

Nígbà tí Plante tún jáde, ìbòjú ni àwọn òǹwòran rí ní ibi tí ojú yẹ kí ó wà. Eré náà ń bá a lọ. Montréal jẹ 3, New York jẹ 1.

Blake rò pé bí ọgbẹ́ náà bá ti jinná, Plante yóò bọ́ ìbòjú. Plante kò bọ́ ọ. Ohun tí ó fi sórí òṣùwọ̀n kò kéré. Bí ó bá gba gòólù púpọ̀, àwọn ènìyàn yóò sọ pé ìbòjú ni ó fà á, wọn a sì wá ẹlòmíràn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó kù fún un: kí ó ṣọ́ àwọ̀n dáadáa ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1960, bí ìdíje àṣekágbá ti ń sún mọ́lé, Blake bẹ̀ ẹ́ kí ó bọ́ ìbòjú náà lẹ́ẹ̀kan. Ó bọ́ ọ. Ẹgbẹ́ Detroit jẹ 3, Montréal kò jẹ ẹyọ kan. Ní eré tí ó tẹ̀ lé e, Plante tún gbé ìbòjú rẹ̀ wọ̀. Kò tún bọ́ ọ mọ́.

Nígbà náà ni àṣekágbá dé. Montréal pàdé Chicago, wọ́n borí nígbà mẹ́rin láìpàdánù. Wọ́n pàdé Toronto, wọ́n tún borí nígbà mẹ́rin láìpàdánù. Nínú eré mẹ́jọ wọ̀nyí, gòólù 11 péré ni ó wọ inú àwọ̀n Plante. Eré mẹ́ta ni ó parí tí ẹyọ kan kò wọlé, eré tí ó kẹ́yìn sì wà lára wọn. Ìgbà karùn-ún nìyẹn tí ẹgbẹ́ náà gba Ife Stanley léraléra. Títí di òní, kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí ó tíì ṣe irú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ìbòjú ń ba iṣẹ́ aṣọ́lé jẹ́.

Ìṣubú àti ìdìde

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò dára. Orúnkún Plante ń dùn ún, gòólù ń wọlé, wọ́n sì dá a padà sí ẹgbẹ́ kékeré fún ìgbà díẹ̀. Àwọn kan rò pé ó ti parí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1961, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún orúnkún náà. Ó padà, ó sì ṣe gbogbo eré 70 ti ọdún náà láìsinmi ọ̀kan. Ní ọdún 1962, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn eléré tí ó wúlò jù lọ nínú gbogbo líìgì, èyí tí aṣọ́lé kì í sábà gbà.

Ní ọdún 1963, Montréal fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú New York. Ní ọdún 1965, ó fi eré sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1968, ẹgbẹ́ tuntun kan ní ìlú Saint-Louis ní Amẹ́ríkà pè é. Ó fẹ́ pé ọmọ ogójì ọdún. Òun àti Glenn Hall jọ ṣọ́ àwọ̀n náà, wọ́n sì jọ gba ẹ̀bùn Vézina ní ọdún 1969. Ìgbà keje nìyẹn fún Plante.

Nínú àṣekágbá ọdún 1970, rọ́bà bá a lójú lórí ìbòjú. Ó dákú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó yè é. Òun fúnra rẹ̀ gbà pé ìbòjú náà ni ó gba ẹ̀mí òun là. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ní Toronto, nígbà tí ó ti pé ọmọ ọdún méjìlélógójì, kò sí aṣọ́lé kankan nínú líìgì náà tí iye gòólù tí ó ń gbà ní eré kan kéré tó tirẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí ó fi sílẹ̀

Plante kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Ní Toronto, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bernie Parent wá sínú ẹgbẹ́ náà, Plante sì kọ́ ọ ní ohun tí ó mọ̀. Nígbà tí ó ṣe, Parent ṣọ́ àwọ̀n fún ẹgbẹ́ Philadelphia, wọ́n sì gba Ife Stanley ní ọdún 1974 àti 1975. Ní ọdún 1972, Plante kọ ìwé lórí iṣẹ́ aṣọ́lé.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Rọ́ṣíà wá bá àwọn eléré ńlá Kánádà figa gbága ní Montréal. Ṣáájú eré àkọ́kọ́, Plante wọ yàrá àwọn àlejò pẹ̀lú ògbufọ̀. Ó ṣe àlàyé fún Vladislav Tretiak, ọmọ ogún ọdún tí ń ṣọ́ àwọ̀n Rọ́ṣíà, bí àwọn ará Kánádà ti ń gbá rọ́bà. Rọ́ṣíà borí ní alẹ́ ọjọ́ náà, 7 sí 3.

Kí ọdún 1974 tó parí, kò sí aṣọ́lé kan mọ́ nínú líìgì ńlá náà tí ń ṣeré láìbo ojú. Ọdún 15 péré ni ó ti kọjá láti alẹ́ ọjọ́ New York. Ohun tí wọ́n pè ní ìwà ojo ti di òfin ọgbọ́n.

Plante lo ìgbà ìkẹyìn ayé rẹ̀ ní ilẹ̀ Suwísì. Àrùn jẹjẹrẹ inú ikùn ni ó pa á ní ìlú Genève, ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 1986. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ní ọdún 1995, ẹgbẹ́ Canadiens fi nọ́ńbà 1 tí ó wọ̀ pamọ́, kí ẹlòmíràn má baà wọ̀ ọ́ mọ́.

Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé kan láti Québec wà ní Suwísì fún ìdíje. Wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Wọ́n gbé ọ̀pá họ́kì wọn sókè, wọ́n fi wọ́n pàdé ara wọn lójú ọ̀run. Abẹ́ àwọn ọ̀pá náà ni wọ́n gbé pósí ọmọ Shawinigan gbà kọjá, ẹni tí ọ̀pá àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ gbòǹgbò igi tí bàbá rẹ̀ gbẹ́.